Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pín Bí Oko Iṣu

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ṣẹ̀ mí. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Bassila ni ó ṣẹ̀ mí, ní ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hú iṣu tuntun, ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí àwọn ọmọ wa padà dé láti ojú ogun àwọn òyìnbó. Oòrùn kò tíì mú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ nu ìrì kúrò lára ọkọ̀ tán ni, àwọn obìnrin sì ń di iṣu wọn sẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó gun kẹ̀kẹ́ dé láti Bassila. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi ẹmi, igi òrí, tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ní Manigri. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni ó la ẹnu tí ó ní òun wá mú ọkọ̀ òun lọ.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àna mi ni, èmi sì ni àbúrò ìyá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé Bassila tàbí Manigri ti mọ ẹni tí mo ń wí. Ẹni tí kò bá sì gbé ibẹ̀ kò nílò orúkọ rẹ̀ kí ó tó lè dá ẹjọ́. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń ro ẹjọ́. Láti ìdí ni a ti ń rò ó.

Òyìnbó kan tí ó ń ṣọ́ igi inú igbó fún ìjọba ni ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí ó ń padà lọ sí ìlú rẹ̀, ó tà á fún àna mi, tí ó ní ìsọ̀ aṣọ àti iyọ̀ ní Bassila. Àna mi kò mọ ọkọ̀ wà. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé nígbà tí ìjọba ń kó wa tipátipá lọ la ọ̀nà, ẹni tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ibẹ̀ ti fi mí sídìí ọkọ̀ tí ń kó yanrìn. Bí mo ṣe di awakọ̀ àna mi nìyẹn.

Ọkọ̀ kékeré ni, aláwọ̀ ewé. Imú rẹ̀ gùn, iná rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pákó ni a fi yí i ká fún ẹrù. Àwọn obìnrin tí ń kó iṣu lọ sí ọjà ni wọ́n sọ ọ́ ní Afínjú, nítorí pé eruku pupa ọ̀nà wa kò bá a sùn rí. Bí mo bá ti dé, omi ni n óò kọ́kọ́ pọn fún un kí n tó mu tèmi. Ní àwọn ọdún ogun tí epo kò sí, abẹ́ àtíbàbà àgbàlá mi ni ó dúró sí, kì í ṣe ní Bassila, mo sì ń fi òrí pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára kí ó má baà dípẹtà. Ìyàwó mi a máa sọ fún àlejò pé, “Ìyálé mi nìyí. Èmi ni wọ́n fẹ́ tẹ̀lé e.” Àlejò á rẹ́rìn-ín, òun kò ní rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà fara gbá, ìkómọ ni a lọ ṣe ní Pénéssoulou. Àna mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, èmi ni mo wà á lọ. Nígbà tí a ń padà bọ̀ tí a sì sún mọ́ Bassila, àna mi ní kí n sọ̀ kalẹ̀, pé òun fúnra òun ni òun yóò wà á wọ ìlú. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ wò nínú pápá lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ọjà rí òun.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a kọjá afárá ná.”

Ó ní, “Ta ni ó ni ín?”

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù.

Afárá tí mo ń wí yìí, igi ni wọ́n tò lé e lórí, ọkọ̀ méjì kò lè pàdé níbẹ̀. Kamíyọ̀n kan, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, tí ó kó gẹdú ń bọ̀ láti ọ̀nà Bassila. Awakọ̀ rẹ̀ rí wa lókèèrè, ó fọn fèrè ọkọ̀ kí a lè dúró kí òun kọjá, nítorí ẹni tí ó rù ni ó máa ń kọ́kọ́ kọjá. Àna mi rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ẹ mọ bí ó ti rí ní ọ̀dọ̀ wa: ẹni tí a kí tí kò dáhùn, agbéraga ni, bí ó bá sì jẹ́ olówó, agbéraga ìlọ́po méjì ni. Awakọ̀ náà tún fọn fèrè, ó fọn ọ́n gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àna mi rí i pé kíkí náà pọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹ orí ba, ó sì dáhùn.

Kamíyọ̀n náà tẹ ìjánu débi tí ó lè tẹ̀ ẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹrù gẹdú ń tì í bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá imú Afínjú lápá òsì, ó yí wa kúrò lójú ọ̀nà, ó sì tì wá wọ kòtò, ibẹ̀ ni a ti lọ forí sọ kùkùté kan. Ẹnikẹ́ni kò kú. Èjìká mi bó, ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún nítorí ẹ̀rù, àna mi fi ọwọ́ di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni pé fìlà ni ó fẹ́ fò lọ. Awakọ̀ kamíyọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ wa po, ó wo imú rẹ̀ tí ó ti ká wọnú bí etí àgbà ajá, ó wá kúnlẹ̀ kí àna mi.

“Baba,” ó ní, “ẹ kú ìdáhùn.”

Àwọn tí wọ́n ti sáré dé láti oko rẹ́rìn-ín, n kò lè purọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó dun àna mi ju ọkọ̀ lọ. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé lórí. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, awakọ̀ gbọ́ ọ, àwọn àgbẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó ní, “N kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ òkú rẹ̀ kí ó gbé e, kí ó sì gbé obìnrin tí ń sunkún yìí mọ́ ọn.”

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Bassila. Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Ọkọ̀ náà wà nínú kòtò títí òjò ìparí ọdún fi rọ̀ sí i lórí. Koríko ga dé ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnìkan yọ dígí iná kan lọ, ẹlòmíràn yọ rọ́bà tí a ń tẹ ẹsẹ̀ lé nínú rẹ̀. Mo lọ bá àna mi ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé wọ́n ń já ọkọ̀ náà jẹ díẹ̀díẹ̀, bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ ní tòótọ́, kí ó jẹ́ kí n gbé e. Àwọn oníbàárà wà níwájú rẹ̀ tí ó ń wọn aṣọ fún. Kò gbé ojú sókè. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá iṣẹ́ asìnkú ni mo fẹ́ máa ṣe báyìí, àwọn oníbàárà sì rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé rárá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn: kò sọ pé rárá.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, mo pe àáró. Ẹgbẹ́ wa ní Manigri ni, àwọn tí a jọ ń kọ ebè fún ara wa ní oko. Ní dípò ebè, mo ní kí wọ́n bá mi fa ọkọ̀. Wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n ní ọdún tí ń bọ̀ àwọn náà yóò pè mí láti wá bá àwọn fa òkè. Ṣùgbọ́n wọ́n mú okùn wá, wọ́n gé igi tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, a sì fà á jáde, a fà á gba Bassila kọjá ní ojú ọ̀sán gbangba, níwájú ìsọ̀ àna mi, títí dé Manigri. Ó jáde wá wò wá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí wa pé a kú iṣẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó dáhùn.

Alágbẹ̀dẹ Manigri ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó jókòó ti iná rẹ̀, ó ní, “Ọkọ́ ni mo ń rọ. N kì í rọ ọkọ̀.” Mo ní irin kì í ṣe irin ni bí? Ó ní kí n jẹ́ kí òun wá wò ó ná, kí òun lè mọ bí òun yóò ti kọ̀ ọ́. Ó wá. Ó fi ìka kan ìbí, ó fi ìka kan ọ̀hún, ó tẹ etí mọ́ páànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí ó lu irin náà tẹ́lẹ̀ ní ìlú òyìnbó pé ó lù ú fẹ́lẹ́ jù. Mo mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Iṣẹ́ náà gba gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. A kọ́kọ́ tú ara ọkọ̀ kúrò lórí irin gbọọrọ méjì tí ó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ṣàsí. Lápá òsì, ṣàsí náà ti tẹ̀. A fi igi ẹmi dáná sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi pọ́n, a fi okùn àti òkúta fà á padà, nígbà tí ó sì tọ́, alágbẹ̀dẹ da omi sí i, ó sì dúró. Pákó tí ó gbé ara ọkọ̀ ró nínú ti fọ́; gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ òmíràn láti inú igi àpá, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ ẹ́.

Páànù ni ìṣòro. Láti Cotonou ni páànù tuntun ti ń wá, ọ̀nà sì jìn. Mo lọ ra àgbá epo tí kò wúlò mọ́, a là á, a tẹ́ ẹ, a lù ú títí ó fi gbàgbé pé òun jẹ́ àgbá rí. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ti ṣe kí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ribiti bí apá tí ó bo ẹsẹ̀ ọkọ̀? Alágbẹ̀dẹ ní kí n wa amọ̀ òkìtì ọ̀gán wá. Ó ní kí n fi mọ ebè kan sílẹ̀, kí n mọ ọ́n kí ó bá apá ọ̀tún tí kò bàjẹ́ mu gẹ́lẹ́, kí n jẹ́ kí ó gbẹ, lórí rẹ̀ ni òun yóò ti lu páànù. Àgbẹ̀ ni mí. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ mi ní ebè mímọ. Mo fi okùn wọn apá ọ̀tún, mo pa ojú mi dé, mo fi ọwọ́ rá a bí afọ́jú, mo sì padà lọ fi ọwọ́ kan náà rá amọ̀. Àkọ́kọ́ tí a lù jáde, ẹ̀yìn ahun ni ó jọ. Àwọn obìnrin tí ń lọ sí odò béèrè pé níbo ni orí rẹ̀ wà. A jù ú sílẹ̀. Mo tún ebè mọ. Èkejì dúró lórí ọkọ̀ bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

A fi ìṣó irin kan án pọ̀, alágbẹ̀dẹ lu orí ìṣó kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ. Ibi tí àlàfo wà, a fi ìda oyin tí a pò mọ́ eérú dí i, bí wọ́n ti ń dí ojú igbá tí ó sán. Ìyàwó mi, ẹni tí ń pè é ní ìyálé, já ewé ìpín wá láti etí igbó, ewé tí a fi ń fá igbá àti ìdí ìkòkò kí ó dán. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fá ibi tí a tún ṣe títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Aláwọ̀ ewé kò sí ní ọjà. Ẹni tí ó kun ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ní ọ̀dà aláwọ̀ aró díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, ìyẹn ni a fi kùn ún. Ilẹ̀kùn ọ̀tún nìkan ni n kò kùn. Kò ní àpá kankan lára, kò sì wù mí kí n bo ojú rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe di aláwọ̀ aró pẹ̀lú ilẹ̀kùn ewé kan nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fara gbá púpọ̀. Mo tú u, mo fọ ọ́, mo tò ó padà. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dún, alágbẹ̀dẹ tí kì í rọ ọkọ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n gbé òun yí ìlú ká, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí epo fi tán.

Láti ìgbà náà títí di ìgbà iṣu tuntun, mo ń fi kó ẹrù àwọn obìnrin lọ sí Bassila. Mo ń gba iwájú ìsọ̀ àna mi kọjá. Mo ń fọn fèrè kí i. Bóyá kò yẹ kí n máa fọn ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

A ti wá dé òwúrọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àna mi yí ọkọ̀ náà ká, ó fi ọwọ́ pa apá òsì tí mo fi amọ̀ ṣe, ó sì sọ pé, “Àna mi, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa.”

Mo ní, “Èmi bá ta ni tọ́jú kí ni?”

“Ọkọ̀ mi.”

“Òkú ni ẹ fi sílẹ̀ ní kòtò, Ẹ̀gbọ́n.”

“Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn tí ẹ wò ó sàn, ọmọ ta ni?”

“Bí ẹ bá gbé e jù sí igbó tí ẹ ní kí ẹni tí ó wù kí ó gbé e, ọmọ ẹni tí ó gbé e ni.”

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iṣu wọn kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n ti rí i pé ọjà ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Àna mi ní bí n kò bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, Djougou ni òun yóò gbé ẹjọ́ lọ, sí ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ìyá mi gbọ́ èyí láti inú yàrá, ó jáde wá, ó ní ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sí Djougou, kí ó má padà gba Manigri bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ náà fi lọ sí iwájú àwọn àgbà Manigri, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní iwájú ilé baálẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá, bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ́rìí.

Mo ro ẹjọ́ mi bí mo ti rò ó fún yín. Mo tún ọ̀rọ̀ tí àna mi sọ ní ojú ọ̀nà sọ. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá òótọ́ ni. Mo ti ń bẹ̀rù ibi yìí, nítorí ọkọ rẹ̀ ni, èmi sì ni àbúrò rẹ̀, ibi yòówù kí ó fì sí, ilé kan yóò gbóná fún un. Kò fì síbì kankan.

Ó ní, “Ó sọ ọ́. Bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni àbúrò mi sọ ọ́ yìí.”

Inú mi dùn. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Ìgbà yẹn ni àna mi dìde. Oníṣòwò ni, ó mọ bí a ti ń yí ọjà padà kí ẹni tí ń rà á rí ojú kejì.

“Ẹ̀yin àgbà,” ó ní, “mo sọ ọ́. Mo sì sọ pé kí wọ́n gbé ìyàwó mi mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà bá jẹ́ ẹ̀bùn, mo ti fi ìyàwó mi tọrẹ nìyẹn. Ta ni ó gbé e? Kí ó jáde kí n rí i.”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé mi kí ó mọ̀ pé mo máa ń hanrun.”

Àwọn àgbà fúnra wọn nu omi ojú wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín yẹn ti gbé nǹkan lọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbìmọ̀. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn, tí òun ni ó ń dá ẹjọ́ ààlà oko fún gbogbo wa, ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìbínú kì í ṣe ẹ̀bùn; èyí gbe àna mi. Ó ní ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ tí koríko fi bò ó, kò lè pè é ní ohun tí òun ń tọ́jú. Èyí gbè mí. Ó ní àwọn baba wa ti dá irú ẹjọ́ yìí rí. Bí ènìyàn bá fi oko rẹ̀ sílẹ̀ tí ó di igbó, tí ẹlòmíràn wọ inú rẹ̀ tí ó kọ ebè sí i, tí onílẹ̀ sì padà dé, a kì í lé ẹni tí ó kọ ebè láìjẹ́ kí ó hú iṣu rẹ̀.

Ó wá ní, “Ilẹ̀ ni ti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán an. Iṣu ni ti ẹni tí ó kọ ebè. Kí oní-iṣu hú iṣu rẹ̀, kí onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, títí wọ́n fi dìde lọ sídìí ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá nà án. Ṣàsí, ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ ni wọ́n. Páànù, pákó àti ohun gbogbo tí òòlù àti ọ̀dà wa kàn, iṣu ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn ewé, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, nítorí iṣu ni ó jọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ ebè sí i. Àgbà náà ní iṣu tí ó bá là fúnra rẹ̀ nínú oko àtijọ́, ti onílẹ̀ ni. Wọ́n fún àna mi ní ilẹ̀kùn kan.

Mo ní, “Baba, iṣu tí a hú, a óò jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi páànù jẹ?”

Ó ní, “Àṣà kò sọ ìyẹn.”

Ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà sọ fún mi pé wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa yóò gbà. Wọ́n rò pé bí a bá rí i pé wọ́n fẹ́ là á sí méjì, a óò bẹ ara wa. Àna mi náà rò bẹ́ẹ̀: ó fi ọwọ́ lérán, ó ń wò mí, ó dá a lójú pé n kò ní lè fi ọwọ́ ara mi tú ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ẹni tí ó tò ó ni ó mọ bí a ti ń tú u láìfọ́. Mo sọ fún àwọn àgbà pé mo gba ìdájọ́ wọn, mo sì ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ.

A tú u ní ibẹ̀, níwájú gbogbo wọn. N kò fi ìbínú tú u. Mo tú ìdè kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú igbá. Nígbà tí ara ọkọ̀ tú sílẹ̀, ẹgbẹ́ mi bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí bí a ti ń gbé òrùlé tí a hun sílẹ̀ lọ sórí ilé tuntun. Wọ́n gbé e lọ sí àgbàlá mi. Àna mi dúró ti ṣàsí pẹ̀lú ilẹ̀kùn ewé lábẹ́ apá. Ó sì dà bí ẹni pé ìgbà náà ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó gbà.

Ó wá ẹni tí ó wà á lọ fún un. Ó to pákó lé e lórí, kò ní ìdérí, kò ní apá, eruku àti ẹrẹ̀ ni ń bọ́ sí i lójú. Síbẹ̀ ó ń kó ẹrù, ó ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá, a sì ń kí ara wa, nítorí a kò bá ara wa jà. Ara ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ó mọ́, ó dán, ó pé àyàfi ilẹ̀kùn kan. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá wá kí ìyá wa, inú rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí jẹun. Ó ní òun ti jókòó sórí pákó dé ibí, kí wọ́n jẹ́ kí òun gun ọkọ̀.

Àna mi ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n gbé ara ọkọ̀ padà sórí ṣàsí, kí n sì máa wà á fún òun bí ti tẹ́lẹ̀. Mo kọ̀. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni yóò ni ilẹ̀, òun ni yóò ni iṣu, èmi ni yóò sì máa ro oko. Èmi náà ránṣẹ́ sí i pé kí ó fún mi ní ìdí ọkọ̀, kí n sọ ọ́ di odindi, n óò sì máa kó ẹrù ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà gbogbo, n kò ní gba nǹkan kan, títí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò fi dàgbà. Ó kọ̀. Ó ní kí ni àwọn ènìyàn yóò wí.

Èmi kò bá àwọn àgbà jà. Ìdájọ́ wọn tọ́ fún oko. Oko a máa so lọ́dọọdún. Ẹni tí ó hú iṣu rẹ̀ lọ, ilẹ̀ ṣì wà, iṣu ṣì wà, kò sí èyí tí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a là sí méjì, ọkọ̀ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo wọ kòtò lọ gbé e. Ojú àna mi ni a ṣe fà á kọjá, ó sì kí wa pé a kú iṣẹ́. Kò wá béèrè rẹ̀ nígbà tí páànù jọ ẹ̀yìn ahun. Ìgbà tí ó dán ni ó wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ ti gbọ́ tèmi, ẹ sì ti gbọ́ tirẹ̀, nítorí n kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan pamọ́, àní èyí tí ó fi borí mi. Ẹ dá a láàárín wa: ta ni ó yẹ kí ó jọ̀wọ́ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè di odindi? Bí ẹ bá ní èmi ni, ẹ ránṣẹ́ sí Manigri, ọ̀la ni n óò pe ẹgbẹ́ mi kí wọ́n wá gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó sọ̀rọ̀, nítorí ọkàn mi balẹ̀ sí ohun tí ẹ óò wí.